Àpò Pàjáwìrì Aládìpọ̀: Àyẹ̀wò fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Àpò pàjáwìrì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí jẹ́ ọ̀kan lára irú èyí tí àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń tà lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, bẹ́ẹ̀ ohun inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: àpò ẹ̀yìn pupa kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó tó ènìyàn méjì lò fún ọjọ́ mẹ́ta, àti pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní igba. Èrò mi nípa rẹ̀ kò fara sin. Àpò náà fúnra rẹ̀ dára, nǹkan bíi mẹ́rin nínú ẹrù rẹ̀ wúlò, ìyókù kò tó ohun tí à ń náwó lé lórí. Ẹni tí ó bá sì rà á, tí ó gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láìtú u wò, kò tíì múra sílẹ̀ fún ohunkóhun. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àyẹ̀wò yìí ni láti mú àwọn ohun èlò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sọ èyí tí olùbẹ̀rẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí ó yẹ kí ó fi òmíràn rọ́pò, àti bí a ṣe ń kọ́ ọwọ́ láti lò wọ́n kí ọjọ́ wàhálà tó dé, nítorí pé ohun tí ọwọ́ kò bá mọ̀ ọ́n lò lọ́sàn-án, kò ní mọ̀ ọ́n lò lóru.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iye. Nígbà tí mo da gbogbo ẹrù inú àpò náà sílẹ̀, mo rí i pé pílásítà kéékèèké nìkan kó ìdajì iye tí wọ́n fi ń yangàn. Píìnì wà níbẹ̀, ìwọ̀ ìpẹja wà níbẹ̀, bébà pélébé tí wọ́n fi ọtí rin láti fi nu ọgbẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ohun èlò kan gédégédé. Ẹni tí ó ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán. Èmi kò tíì gbọ́ pé ogójì pílásítà ni ó gba ẹnikẹ́ni là nígbà tí omíyalé dé.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ bi ara rẹ̀ nípa ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni pé ewu wo ni ó ń dènà, àti pé báwo ni ewu náà ṣe ń yára pani tó. Àwọn tí ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí máa ń fi mẹ́ta-mẹ́ta kà á: nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsí èémí, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta láìsí ibi ìfarapamọ́sí nínú òtútù tàbí ooru líle, nǹkan bíi ọjọ́ mẹ́ta láìsí omi, nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí oúnjẹ. Ìdíwọ̀n ojú lásán ni, kì í ṣe òfin, nítorí pé ara ènìyàn kò dọ́gba, ojú ọjọ́ náà kò sì dọ́gba. Síbẹ̀ ó tó láti fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àpò yìí ti wọ́. Oúnjẹ, tí ó gbẹ̀yìn nínú kíkà náà, ni ó wúwo jù nínú rẹ̀, ìyẹn bísíkíìtì líle tí wọ́n kọ ọdún márùn-ún sí lára. Ohun tí wọ́n sì fi síbẹ̀ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, nígbà tí ẹni tí iṣan ńlá rẹ̀ já lè kú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ju okùn rọ́bà tín-ín-rín kan lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ni àpò náà ti kùnà jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọ̀rá omi méjìlá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mìlílítà 125. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà kan àti ààbọ̀. Bí ènìyàn méjì bá pín in fún ọjọ́ mẹ́ta, mìlílítà 250 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ife omi kan ṣoṣo nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí Red Cross ti Amẹ́ríkà àti àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ń fúnni ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà 3.8, fún mímu àti fún ìmọ́tótó. Fún ènìyàn méjì ní ọjọ́ mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 23, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 23. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò gbé ìyẹn sẹ́yìn tí yóò sì rìn jìnnà. Nítorí náà, omi tí a tọ́jú sínú kẹ́ẹ̀gì ní ilé ni kí ó jẹ́ ti ẹni tí yóò dúró sílé, kí a sì fi ohun tí ń sọ omi di mímọ́ sínú àpò fún ẹni tí yóò jáde.

Asẹ́ omi onípáìpù ni wọ́n fi sínú àpò fún iṣẹ́ yìí, irú èyí tí LifeStraw sọ di olókìkí láti ọdún 2005: a ó ki ìdí rẹ̀ bọ omi, a ó sì fi ẹnu fa òkè rẹ̀. Inú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kún fún àwọn páìpù róbótó tí wọ́n tín-ín-rín púpọ̀, tí ara wọn lu ní ihò tí ojú kò lè rí. Ihò ara LifeStraw jẹ́ 0.2 mákírọ́ọ̀nù, ti Sawyer Mini, asẹ́ kékeré mìíràn, jẹ́ 0.1, mákírọ́ọ̀nù kan sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Bakitéríà kò lè gba irú ihò bẹ́ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò bíi Giardia àti Cryptosporidium tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Fáírọ́ọ̀sì kéré ju gbogbo wọn lọ, ó ń gbà á kọjá, kẹ́míkà tí ó ti yòrò mọ́ omi náà sì ń gbà á kọjá. Ẹni tí ó bá rò pé nítorí pé omi mọ́ lójú, ó ti mọ́ nínú, ó ń ṣe ara rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá lo asẹ́ yìí ni ó máa ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú. Bí asẹ́ náà bá gbẹ, fífà rẹ̀ máa ń le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọnú, omi kò ní jáde, ẹlòmíràn á sì sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kò bàjẹ́. Ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ omi kí ó dúró díẹ̀, kí ẹ sì fà á ní kúkúrú kúkúrú. Bí omi bá ti rin àwọn páìpù inú rẹ̀, yóò wá gbọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá mu tán, ẹ fẹ́ èémí sí i láti òkè kí omi tí ó kù lè jáde, kí ìdọ̀tí sì má dí i. Èyí tí kò sí nínú ìwé ìlànà àpò náà rárá ni ọ̀rọ̀ dídì: bí asẹ́ tí omi ti wọ̀ rí bá di yìnyín, omi inú rẹ̀ ń wú, ó sì lè ya àwọn páìpù náà láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Ní ibi tí òtútù ti le tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi asẹ́ sí mọ́jú. Èyí tí ó bá ti dì, ẹ sọ ọ́ nù.

Àléébù ńlá tí asẹ́ tí a ń fẹnu fà ní ni pé kò ṣeé gbé omi. A gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ ní etí omi kí a tó mu, a kò sì lè rí èyí tí a ó fún ọmọdé tàbí aláìsàn, tàbí èyí tí a ó fi fọ ọgbẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn irú Sawyer Mini ju ti inú àpò lọ: ẹnu rẹ̀ bá ìgò omi alábọ́ọ́dé mu, a lè fi ọwọ́ fún omi gba inú rẹ̀ sínú ife, wọ́n sì fi síríǹjì kan mọ́ ọn tí a fi ń ti omi mímọ́ padà sẹ́yìn láti fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ń lọ́ra. Ẹ má ṣe sọ síríǹjì yẹn nù. Èrò àwọn ènìyàn ni pé ara páálí ni.

Kílórínì ni ìkejì asẹ́. Fún omi tí ó mọ́ lójú, ìlànà ilé iṣẹ́ ìlera CDC ti Amẹ́ríkà ni pé kí a kán ẹ̀kán méjì bílíìṣì ilé tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ wà láàrin ìdá 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, sínú lítà kan, kí a rò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi bá dúdú tàbí ó tutù gan-an, kí a sọ ẹ̀kán náà di ìlọ́po méjì. Kílórínì ń pa fáírọ́ọ̀sì tí asẹ́ kò lè mú, asẹ́ sì ń mú Cryptosporidium tí kílórínì kò rí ṣe, nítorí náà mo gbà pé kí àwọn méjèèjì jọ wà nínú àpò. Ẹni tí ó bá ní iná àti ìkòkò kò nílò èyíkéyìí nínú wọn: kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, tàbí mẹ́ta bí ibẹ̀ bá fi ju mítà 2,000 ga ju òkun lọ, gbogbo kòkòrò wọ̀nyí á kú.

Kúbùsù pàjáwìrì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń kọ mànà yẹn, ni olùbẹ̀rẹ̀ máa ń ṣì lóye jù lọ. Iṣẹ́ òfuurufú ni ó ti wá: NASA ni ó ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe é jáde ní ọdún 1964, ìyẹn ike tín-ín-rín tí wọ́n fi alumíníọ̀mù kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ooru tí ara ń tàn jáde padà sí ara, àwọn tí ń ṣe é sì máa ń sọ pé ó ń dá tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún padà. Kò ní ooru kankan tirẹ̀. Bákan náà, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ooru ń gbà kúrò lára: ilẹ̀ tútù ń fà á láti abẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ, aṣọ tútù sì ń jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kúbùsù yìí bora tí ó sì dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ ni yóò gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ páálí, ewé gbígbẹ, tàbí àpò ẹ̀yìn náà fúnra rẹ̀ sí abẹ́, kí ẹ tó ronú kan ohun tí ẹ ó fi bora.

Mo tú ti inú àpò yìí níta nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí n lè mọ ìwà rẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n rìrì, ó ń fẹ́ bọ́ lọ́wọ́, ibi tí igi ṣóńṣó kan sì ti tọ́ ọ ya, yíya náà sáré dé etí kejì. Kì í ṣe pé ó burú, ó kàn jẹ́ ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ni. Irú èyí tí wọ́n rán pọ̀ bí àpò ìsùn, tí ike rẹ̀ nípọn díẹ̀, ni mo fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò lè ká a kúrò lára ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé èémí àti òógùn máa ń di omi sínú rẹ̀, nítorí náà ojú àti imú gbọ́dọ̀ wà níta.

Ọ̀pá ìṣáná onírin ni gbogbo àwọn oníṣòwò wọ̀nyí máa ń ya àwòrán rẹ̀ sí iwájú, iná ń ta pàrà lára rẹ̀, ènìyàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni ferrocerium, àdàlù irin tí Carl Auer von Welsbach ti Ọ́síríà ṣe ní ọdún 1903, ìwọ̀n ooru ẹ̀ta iná rẹ̀ sì lè tó 3,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òjò kò lè bà á jẹ́. Bí a bá nu omi kúrò lára rẹ̀, yóò ta iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná kì í ṣe iná: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kọ́ ni ó fi ń wà, ó ń kú kí ojú tó ṣẹ́, bí ohun tí ó bà lé kò bá sì tètè gbà á, ariwo lásán ni. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyẹn, kò sí lára ọ̀pá náà.

Ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ọ̀dà náà kì í ta iná. Irin ìha tí ó bá a wá nínú àpò mi kú létí. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí etí rẹ̀ mú gún régé ṣe dáradára jù ú lọ. Ẹ mú òwú, ẹ fi fasilíìnì pa á, kí ẹ wá tú u kí ó rí wúruwùru, nítorí pé òwú tí a fún pọ̀ kì í gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí ọ̀pá ìṣáná kan òwú náà, ẹ gbé ọ̀bẹ lé ọ̀pá lórí, kí ẹ di ọ̀bẹ mú gbọn-in sójú kan, kí ẹ sì fa ọ̀pá sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara yín. Ẹni tí ó bá ti ọ̀bẹ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi gbá òwú àti igi wẹ́wẹ́ tí ó ti tò dànù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbiná, òwú onífasilíìnì máa ń jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àkókò yẹn sì tó láti kó igi tín-ín-rín lé e. Orí ilẹ̀ gbalasa, pẹ̀lú omi nítòsí, ni kí a ti máa dán an wò.

Pẹ̀lú gbogbo ìyìn yìí, láítà ni mo ní kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, kí ó rà á ní méjì, kí ó sì fi ọ̀pá ìṣáná ṣe àtìlẹ́yìn. Ọmọ ìka tí òtútù ti mú lè tẹ láítà kí ó tó lè di ọ̀bẹ mú gbọn-in. Inú àpò náà ni sítóòfù kékeré kan tún wà, tí ń lo epo dídì. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lórí rẹ̀, ó sì lágbára: ẹ kò gbọdọ̀ dá a nínú yàrá, nínú àgọ́ tàbí nínú ọkọ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tí wọ́n ń tú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oorun ni ó sì fi máa ń gbé ènìyàn lọ.

Okùn rọ́bà tí mo mẹ́nu bà lókè ni mo yọ kúrò nínú àpò náà pátápátá. Okùn tín-ín-rín máa ń gé ara wọlé, ó sì lè ti ẹ̀jẹ̀ tí ń padà sí ọkàn pa láìlè dá èyí tí ń tú jáde láti inú iṣan ńlá dúró, èyí tí ó burú ju kí a má dè é lọ. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni tourniquet gidi, irú CAT, ìyẹn bẹ́líìtì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.8, tí ó ní ọ̀pá kékeré kan tí a ń yí láti fún un. Apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni a ń lò ó fún. A ó dè é ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sí òkè ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ wà lórí oríkèé, a ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ le kí a tó fọwọ́ kan ọ̀pá, a ó wá yí ọ̀pá náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, a ó fi í há inú ìkọ́ rẹ̀, a ó sì kọ àkókò tí a dè é síbẹ̀. Yóò dun ẹni náà gidigidi. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń dẹwọ́ nìyí, nítorí pé igbe ẹni tí à ń tọ́jú kì í ṣe ohun tí ọkàn lè gbà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn nìkan ni ó lè tú u. Fún ọgbẹ́ abíyá tàbí ti ibi tí itan ti pàdé ara, tí bẹ́líìtì kò lè dé, gọ́ọ̀sì ni a ń kì wọ inú ọgbẹ́ ṣinṣin, a ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láìgbéwọ́ kúrò.

Ayédèrú tourniquet pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá wọn sì máa ń tẹ̀ tàbí kí ó kán nígbà tí a bá fún un dé ibi tí ó yẹ. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fọwọ́ sí, àní bí ó bá tilẹ̀ wọ́n ju gbogbo ohun yòókù lọ. Ẹ ra méjì, kí ẹ fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́, kí ẹ má sì ṣe lo èyí tí ẹ fi kọ́ṣẹ́ fún ọgbẹ́ gidi, nítorí pé fífún un lemọ́lemọ́ ń dín agbára rẹ̀ kù. Ìwé kò tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Ètò Stop the Bleed, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015 láti kọ́ ará ìlú bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, fi hàn pé wákàtí díẹ̀ tó láti mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí rẹ̀, kí ó lọ kọ́ ọ kí ó tó tún ra ohun èlò kankan.

Tọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ yí, tí ó tún jẹ́ rédíò, wà nínú àpò náà. Rédíò rẹ̀ dára fún gbígbọ́ ìròyìn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá lọ, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ kété tí a bá ti dẹwọ́ yíyí, ọwọ́ tí ó sì ń yí tọ́ọ̀ṣì kò lè di ọgbẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe fi bátìrì sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá lò ó, torí pé bátìrì alkaline, irú èyí tí ó wọ́pọ̀, máa ń jo, omi rẹ̀ á sì jẹ irin inú tọ́ọ̀ṣì náà. Bátìrì lithium tí kì í ṣe èyí tí a ń ṣáájì fúyẹ́ jù ú lọ, kì í tètè kú nínú òtútù, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀bẹ alápapọ̀ inú rẹ̀ ní irinṣẹ́ mẹ́tàdínlógún, kò sì sí èyí tí ó mú nínú wọn. Ọ̀bẹ kan tí kò ká, irú Mora Companion ti Sweden tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, dára jù ú lọ fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ tí kò ká kò lè ká lu ọmọ ìka.

Fèrè tí wọ́n so mọ́ okùn àpò náà ní ọmọ kékeré tí ń mì nínú rẹ̀, irú rẹ̀ sì lè há tí omi tàbí yìnyín bá wọ̀ ọ́. Fox 40, tí Ron Foxcroft, adarí eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ará Kánádà, gbé jáde ní ọdún 1987, kò ní ọmọ nínú rárá, a lè rì í bọ omi kí a sì fọn ọ́ lójú ẹsẹ̀. Fọn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o dúró díẹ̀, kí o tún un fọn: àmì wàhálà ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohùn ènìyàn máa ń há kí fèrè tó rẹ̀. Ẹni tí ó máa ń lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé lè fi owó kún owó fún ẹ̀rọ ìpè ìdóòlà PLB, tí ń ránṣẹ́ lórí 406 MHz sí sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò tí ó ti ń gba ẹ̀mí là láti ọdún 1982. Kò ní owó oṣooṣù, kò dà bí àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lójú sátẹ́láìtì bíi Garmin inReach, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè ẹni, kí àwọn tí yóò wá ènìyàn lè mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò o. Bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ ilé, ọ̀nà tí mo mọ̀ tí ó dára jù ni kí a pa gbogbo iná ní alẹ́ kan, kí a sì gbìyànjú láti rí tọ́ọ̀ṣì, kí a ki bátìrì sí i, kí a sì dè tourniquet ìkọ́ṣẹ́ mọ́ apá ara ẹni pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti mọ̀ pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́líìtì náà kò ṣeé fi ọwọ́ kan ya, kí ó sì tètè ya á kúrò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yẹ ọjọ́ ara omi, oògùn àti bátìrì wò.

Bí mo ṣe tún àpò náà tò nìyí: tourniquet wà nínú àpò kékeré tí ó wà níta, níbi tí ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún lè dé, tọ́ọ̀ṣì orí wà lókè pátápátá pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ nínú ọ̀rá kan náà, fèrè wà lára okùn èjìká, kúbùsù, asẹ́, kílórínì àti láítà wà láàrin, nínú ike tí omi kò lè wọ̀. Pílásítà kù bíi mẹ́wàá. Bísíkíìtì líle náà wà nísàlẹ̀ pátápátá.